Wàràkàṣì Tí Ó Ní Orúkọ

Nígbà tí a lọ bẹ àwọn ará wa wò ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀kan nínú wọn mú wa lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí ìlú Parma, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì. Irú ohun tí Jésè fi rán Dáfídì sí ojú ogun ni, ṣùgbọ́n ti ibí yìí, ẹyọ kan tó 40 kílò! Wàrà màlúù bí i 550 lítà ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò bàbà kí ẹyọ kan ṣoṣo tó jáde.

Omi tí ó ṣẹ́kù ńkọ́? Wọn kì í dà á nù. Wọ́n ń fi díẹ̀ pamọ́ láti fi mú wàrà ọjọ́ kejì kan, wọ́n sì ń fi púpọ̀ nínú ìyókù bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ewúrẹ́. Itan irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ nìkan ṣe lọ́jọ̀, tí ó ń di ẹran Parma tí ayé mọ̀.

Parmigiano Reggiano ni orúkọ wàràkàṣì náà. Láti ọdún 1996 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi orúkọ yìí fún agbègbè náà nìkan. Ní 2008, ilé ẹjọ́ àjọ náà sọ pé “Parmesan” pàápàá ń mú ọkàn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà òfin kan náà bò ó. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè ṣe tirẹ̀ kí ó pè é ní Parmesan.

A rántí gàrí kan tí a rà l'Ékòó. “Ojúlówó Ìjẹ̀bú ni, Bàbá.” A da omi sí i, kò kan rárá! Ìyá tí ó jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú títí ó fi kan, orúkọ ìlú rẹ̀ ni ẹlòmíràn fi pa owó.

Ṣùgbọ́n orúkọ ti Parma kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12, olùyẹ̀wò á mú òòlù kékeré dé, á máa kan wàràkàṣì kọ̀ọ̀kan, á sì dẹtí sí ìró rẹ̀. Èyí tí kò bá yege, wọn á fá àmì orúkọ kúrò lára èèpo rẹ̀. Wọ́n lè tà á, ṣùgbọ́n kò lórúkọ mọ́, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀.

Arákùnrin wa ní, “Dádì, lọ́jọ́ tí olóòlù bá ń bọ̀, ọ̀gá wa kì í lè jẹun àárọ̀.”

A bi í bóyá wọ́n ti fá tiwọn rí. Ó ní wọ́n fá mẹ́ta lọ́dún tí òun débẹ̀. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀kan lọ sílé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ ẹ́.