Àmù Ìyá Mi àti Rọ́bà Tí Mo Tà

Àmù mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkèlélé, n'Ílọrin. Èyí tó tóbi jù, wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn tútù, wọ́n fi awo tánganran dé e, ife sì dojú bolẹ̀ lórí awo náà. Ẹni tó ń lọ sí Ọjà Ọba lè yà, kó kí wa, kó bu omi mu, kó máa lọ. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ni ara àmù ń làágùn sí i, tí omi inú rẹ̀ á sì tutù nini. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi kan tó ń kọ́ nípa okòwò ní Yunifásítì Ìlọrin sọ fún mi pé gbogbo ayé ló ń wá ọ̀nà tí òwò tuntun yóò fi máa ṣe ìlú lóore láìba ilẹ̀ àti omi jẹ́, àmù yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí. Ohun kejì tí mo rántí ni ẹ̀ṣẹ̀ ara mi.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Ọmọ Dàda, agbo ilé àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlélé, ni wọ́n, iṣẹ́ tí ìyá tiwọn ṣe náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ kan dojú bolẹ̀, wọ́n á ku eérú sí ìdí rẹ̀ kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ lé e lórí, wọ́n á máa lù ú jẹ́jẹ́. Bó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á yí i dojú sókè, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n yí gùn bí okùn mọ ọrùn rẹ̀. Òkúta odò kan tó ti dán bí ẹyin ni wọ́n fi ń ra á lára títí á fi máa kọ mànà. Òkúta náà ti wà lọ́wọ́ ìyá ìyá mi kí wọ́n tó bí wọn.

Ọjọ́ tí a bá ń sun ìkòkò, ọjọ́ ọdún ni lójú àwa ọmọdé. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń to ó jọ, wọ́n á kó igi, èèpo igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Àwọn tó ń ṣe irú ládùúgbò ti kó èèpo èso irú fún wa tipẹ́, torí wọn ò rí nǹkan kan fi ṣe. A ti rẹ ẹ́ sómi, omi náà ti pọ́n bíi tíì tó le. Wọ́n á wá fi igi gígùn fa ìkòkò ọbẹ̀ yọ láàárín iná, bó ṣe ń pọ́n bí ẹyinná, wọ́n á wọ́n omi èèpo irú sí i lára. Á dún ṣàà! Èéfín á bò wá lójú, ìgbà tó bá fi máa ká, ìkòkò ti dúdú, ó ń dán. Òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi dòní.

Ohun tí onírú fẹ́ dànù ni amọ̀kòkò fi ń kun ìkòkò. Eérú ibi iná, obìnrin tó ń se ọṣẹ dúdú ti gbé agbọ̀n dúró dè é. Ìkòkò tó bá sán di àpáàdì tí a fi ń fọnná láti ilé kan dé èkejì, èyí tó bá sì rún wómúwómú, a dà á sójú ọ̀nà níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mú ni lẹ́sẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri, ewé ni wọ́n fi ń bù ú fún wa. Ẹ̀kọ, ewé ni. Ewúrẹ́ ló ń gbálẹ̀ fún ẹlẹ́kọ. Ìgò mínírà ńkọ́? Ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo dání, á fi owó ìgò dúró kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé e kúrò ní ìsọ̀. Ọmọ tó bá rí ìgò méjì he ti rówó àkàrà. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló gbé ètò ìgò yẹn wá o, kì í ṣe àwọn baba ńlá wa, kò sì ní kí n má yìn ín. Àwọn náà ló tún wá sọ ọ́ di ìgò rọ́bà, tí ọmọ kankan ò jẹ́ he mọ́.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé àtijọ́ mọ́ rekete. Èéfín ba ojú ìyá mi jẹ́. Igi tí a dá nítorí iná ìkòkò kò kéré. Omi àmù tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n sòbìyà ń bẹ nínú omi odò tí ọ̀pọ̀ ìletò ń pọn sínú àmù tiwọn. Nígbà tí ìjọba kà á káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí sòbìyà ń bá jà lé ní 650,000. Aṣọ àsẹ́ tí kò wọ́n ló ṣe gudugudu méje níbẹ̀, aṣọ tí ènìyàn á ta bo ẹnu àmù kó tó da omi sí i, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n ka nǹkan tuntun tó wúlò, aṣọ yẹn ni màá kọ́kọ́ kà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló kù. Ní 1975 tí owó Údojì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ìgboro, ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ wọn, ń ṣe akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbé díẹ̀ fún mi nínú rẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ sí ọjà Gbági n'Íbàdàn, mo ra báàfù rọ́bà, bútà rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì, mo tò wọ́n sí ìsọ̀ mi ní ọjà Ìpàtà. Ọjọ́ kẹta, ìsọ̀ ti ṣófo. Rọ́bà fúyẹ́. Bó bá já bọ́, kò ní fọ́. Ọmọ ò ní jẹgba nítorí rẹ̀ mọ́. Aláboyún ò ní gbé ìkòkò wúwo lórí wá láti ibi ẹ̀rọ omi. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ibi ni mò ń ṣe, màá lé e jáde ni.

Mo mú bútà pupa kan lọ fún ìyá mi kí wọ́n máa fi ṣe àlùwàlá. Wọ́n yí i wò, wọ́n fi ìka kàn án kó-kó-kó bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ìkòkò bóyá ó ti sán.

"Bó bá gbó, ta ni yóò kó o?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá mi, eléyìí kì í gbó."

Mo kọ́ ilé nínú òwò yẹn, mo fi lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí omi inú ọ̀rá dé láàárín àwọn ọdún 1990, mo ra fírísà, mo tà á pẹ̀lú. Lọ́dún kan, òjò òru ya wọ ìsọ̀ mi, ó gbé ọjà lọ. Ilẹ̀ mọ́, mo mú igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀. Ọ̀rá omi ló ń jáde, apá kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bí ewé iyán. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti fa ọwọ́ bútà kan yọ. Pupa ni, àwọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣá. Gọ́tà yẹn, Odò Asà ló ń lọ.

Ọmọ-ọmọ mi ló sọ ìtàn olùkọ́ ará Jigawa kan fún mi, Mohammed Bah Abba. Ìdílé amọ̀kòkò ló ti jáde, bíi tèmi. Ní 1995, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sáàárín méjèèjì, ó rọ omi sí iyanrìn, ó fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ṣe ń fà lára ìkòkò ìta, inú èyí tó wà láàárín ń tutù, láìsí iná mànàmáná. Ìgbá tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ń lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ló gbà síṣẹ́, wọ́n mọ 5,000 àkọ́kọ́, ó sì pín wọn fáwọn ará abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex. Ní Ìlọrin níbí gan-an, NSPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ìpamọ́ oúnjẹ tí olú ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà Asà Dáàmù, ti ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti ń kọjá níwájú wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmù ìyá mi wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ni mo ka ọkùnrin ará Jigawa yẹn sí, torí kò sọ pé kí a padà sáyé àtijọ́. Ó mú ohun tí àmù mọ̀ ọ́n ṣe, ó fi tọ́jú ọjà tí ń rà mọ́ alátẹ lọ́wọ́. Ní ti rọ́bà, ìjọba Èkó ti fòfin de ike funfun fífúyẹ́ (sítáírófóòmù) tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, láti oṣù kìn-ín-ní 2024. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló bá olóúnjẹ wá nǹkan tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ sí Dàda. Àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò níbẹ̀, wọn ò pọ̀ bí ìgbà tiwa. Mo bá ọ̀kan tó ń ra ìkòkò lára, mo ṣàlàyé ohun tí mo ń fẹ́: méjì, kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kí àyè iyanrìn ṣẹ́kù. Ó gbójú sókè, ó wò mí dáadáa.

"Àlàájà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ta rọ́bà ní Ìpàtà?"

Mo ní èmi ni.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ìsunkòkò. Ó dá iye tí màá san. Ó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ń retí kí n ná an. Mi ò ná an.