Súẹ́tà Kẹ́hìndé

Ìyá Ìbejì kò tíì jókòó dáadáa sínú ọkọ̀ tó fi tún yẹ àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wò. Àpò dúdú ni, síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, pínnì méjì ló fi há ẹnu rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í yí padà: fólíìkì ásíìdì, Pálúdírìn, oògùn ìrora, súẹ́tà, ike omi ńlá méjì, àti ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ SS sí.

Ó pé ọdún kan géérégé tí Kẹ́hìndé sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kẹ́yìn. Bàbá wọn ti ṣèlérí pé bí ọdún bá lè yí po láìsí àdámítì, àwọn yóò lọ sí Ìkógòsì. Bí a ṣe kúrò n'Íbàdàn ní aago mẹ́fà àárọ̀ nìyẹn: èmi ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tọkọtaya, ìbejì ọmọ ọdún 11, kúlà ìrẹsì, àti kéèkì tí wọ́n fi súgà kọ 365 sí lórí.

Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ náà lọ́nà kò ní gbà pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé ayé. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò, síbẹ̀ èjìká Táyé ló dé. Ẹyinjú Kẹ́hìndé ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, àpá abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. AS ni bàbá, AS ni ìyá. Bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́ ni lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni kó bọ́ sí SS. Ó bọ́ sí Kẹ́hìndé, ó yẹ Táyé sílẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Ti Kẹ́hìndé kì í sábà ju 20 lọ, torí ó ń tẹ̀ bí dòjé, ó ń há sójú iṣan. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀, ibà, èyíkéyìí lè gbé kíráísì dé.

Nígbà tó wà lóṣù méje ni ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Màmá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní àbíkú ni. N kò bá wọn jiyàn. Ìran wọn rí ọmọ tó ń kú, wọn kò rí ohun tó ń pa á, ni wọ́n bá ń fi Málọmọ́ àti Dúrójayé bẹ̀ ẹ́.

Ìkùukùu ṣì wà lórí igi nígbà tí a gun òkè Ẹ̀fọ̀n. "Ẹ gbé gíláàsì yẹn sókè!" Ìyá wọn kò tíì sọ ọ́ tán tí Táyé ti ń yí tirẹ̀ sókè. Ó na ike omi sí èkejì rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Mu." Kẹ́hìndé mu ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti dúró lọ́nà kó lè tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni Táyé bọ́ sílẹ̀ láti ṣọ́ ọ, tó kẹ̀yìn sí i, tó kawọ́ gbera bí ọlọ́pàá.

Omi méjì ló ń sun ní Ìkógòsì, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù. Wọ́n ń ṣàn lọ lábẹ́ igi ńláńlá títí wọ́n fi pàdé. Ìtàn ní orogún méjì tó ń jà ni wọ́n, oníbìínú ló di èyí tó gbóná. Bàbá wọn fẹ́ fi ohùn àgbà sọ ìtàn náà. Kò rí ẹni gbọ́. Kẹ́hìndé ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wẹ òjò, ojú fèrèsé ni tirẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé kí n wọ̀ ọ́?"

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, ó ki ìgúnpá bọ omi gbígbóná náà bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ jòjòló. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. "Ó yá."

Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, omi dé orúnkún. Ọmọ náà dákẹ́. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tó máa ń rín fún dókítà. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tí omi méjèèjì ti pàdé.

"Kẹ́hìndé!"

"Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni."

Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló rì bọ̀ ọ́. Kí ó tó fi ìkejì kún un, Táyé ti fò sí ìhà tútù, ó dúró síbẹ̀ bí ògiri. Ibẹ̀ ló wà tí a fi ge kéèkì, ibẹ̀ ló ti jẹ tirẹ̀, eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn.

Ìyá Ìbejì tú pínnì àpò. Ó yọ súẹ́tà, ó gbọn ọ́n.

"Táyé. Máa bọ̀."

Súẹ́tà náà kéré jù fún un, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìdodo rẹ̀. Kò bọ́ ọ títí a fi dé Ìbàdàn.