Ojú Tọ́, Iṣẹ́ Ṣì Kù

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná níbí, ọ̀pọ̀ yín ló mọ àbíkẹ́yìn wa, tí ojú òsì rẹ̀ máa ń wo ìhà imú. Àwọn àgbà ilé ní yóò tọ́ fúnra rẹ̀. A dúró títí ó fi pé ọmọ ọdún 5. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ó sì ń rí nǹkan ní méjì-méjì fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rù bà wá gan-an. Nígbà tí ó tọ́, a dúpẹ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́.

A kò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. Wọ́n bo ojú ọ̀tún, kò lè ka lẹ́tà ńlá ara ògiri. Dókítà ní iṣan tó ń yí ẹyinjú ni abẹ tún ṣe. Ọpọlọ ti pa ojú òsì tì tipẹ́. Kí a máa fi púlásítà bo èyí tó dára fún wákàtí 2 lójoojúmọ́, kí ọmọ tó dàgbà ju ọdún 7 lọ, nítorí ìgbà náà ni ó máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹkún pọ̀! Ìyá rẹ̀ ló dá ọgbọ́n: ẹ̀wà ni wọ́n jọ ń ṣà ní wákàtí méjèèjì. Lóṣù tó kọjá, ojú òsì ka ìlà kẹta.