Ilẹ̀ Etí Òkun Tí Wọ́n Ń Tà: Ohun Tí Mo Rí Láti Mende Dé Ìbẹ́jú

Ẹni tí ó bá ń gbé Mende kò lè sọ pé òun kò mọ omi. Odò Ìyá Aláró ń ṣàn kọjá lẹ́bàá wa lọ sínú ọ̀sà. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ méjì léraléra, ẹ ó rí bí àwọn onílé ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrẹsì gun orí tábìlì. Ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé kan ládùúgbò náà tí wọ́n ní ó dí ọ̀nà omi. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí nígbà tí àwọn alágbàtà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìpolówó láti Mende dé Kétu àti Máìlì 12, pé kí a wá ra ilẹ̀ létí òkun. Àwa tí a ń sá fún odò ni wọ́n ń pè pé kí a wá jókòó ti òkun!

Ìwé náà dùn ún wò. Ilé funfun kan wà nínú àwòrán rẹ̀, ó dúró lórí òkè gíga, òkun sì tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́rìnlá kan tí ń ta tòmátì àti ata ní Máìlì 12 ti ń dá àjọ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fẹ́ kó owó náà lé ilẹ̀ yìí kí àwọn ọmọ wọn lè rí ogún jẹ. Alága wọn wá bá mi nílé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá wa fojú yín wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, a jọ máa lọ ni.” Ní ọjọ́ Sátidé, èmi, Alága, Akápò àti ọmọkùnrin alágbàtà náà wọ ọkọ̀.

Alágbàtà ti ń sọ pé ilẹ̀ òun yóò dà bí Eko Atlantic láìpẹ́, nítorí náà mo ní kí a kọ́kọ́ lọ wo Eko Atlantic fúnra rẹ̀. A gba orí afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí ó sì gùn tó kìlómítà 11.8. Lápá ọ̀tún wa ni Mákòkó wà, níbi tí àwọn apẹja kọ́ ilé olópòó sínú ọ̀sà. Akápò wò wọ́n títí, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí náà ń gbé etí omi, kò sí ẹni tí ń bá wọn polówó.” Alágbàtà kò fèsì.

Inú òkun ni ibi tí Eko Atlantic wà lónìí. Bar Beach ni ó wà létí ibẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn àgbà rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tí ìjọba ológun yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n olè kan wà ní Bar Beach tí ìbọn kò ràn, òkun ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wọlé láìfi ìdí gbá iyanrìn. Iṣẹ́ náà dára fún òwò. Ṣùgbọ́n ní etíkun wa, ìgbì a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ọ̀nà Badágrì lọ sí ọ̀nà Lẹ́kkí, bí aláàárù tí ń ru ẹrù láìsinmi. Ògiri náà dá iyanrìn dúró ní apá ìwọ̀-oòrùn. Bar Beach tí ó wà ní apá kejì kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì kò yé kó ti àtijọ́ lọ. Kí ó tó di 1960, ilẹ̀ tí òkun ti jẹ lẹ́bàá ògiri náà ju kìlómítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjọba da iyanrìn síbẹ̀, tí òkun sì tún kó o.

Eko Atlantic ni ìdáhùn tí wọ́n wá fún un. Ilé-iṣẹ́ South Energyx, tí ó jẹ́ ti Chagoury, ló ń ṣe é pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Wọ́n fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun láti fi dá ilẹ̀ tí wọ́n wéwèé pé yóò fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó, wọ́n sì fi ògiri tí wọ́n ṣírò sí kìlómítà 8.5 dáàbò bò ó. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ǹkéré ló wà lójú ògiri náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún, wọ́n sì há mọ́ ara wọn bí ìka ọwọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá síbi ayẹyẹ ibẹ̀. Ní 2022 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ́fíìsì kọ́ńsúlù tuntun síbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń pe iye ilẹ̀ ibẹ̀. Mo sọ fún Alága pé, “Màmá, ògiri ni wọ́n ń tà níbí. Ẹni tó ra ilẹ̀ níbí ti san owó ògiri mọ́ ọn.”

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ògiri kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya lu etíkun Kuramo, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Ní Òkun Alfa, tí ó wà síwájú ní ìlà-oòrùn, òkun ti jẹ ilé àti ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ Eko Atlantic ló dá kún un, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi kì í ṣe adájọ́ wọn. Ohun tí Bar Beach kọ́ wa ni pé bí ẹnì kan bá dá iyanrìn dúró, ẹni tó wà níwájú ni ebi rẹ̀ yóò pa.

Bí a ti ń kọjá lápá Ọníru ni mo fi ilẹ̀ Màrókò hàn wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, ìjọba fi katakata wó ìlú náà palẹ̀. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn tí ó pàdánù ilé tó 300,000. Lára ohun tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni ilé olówó ńláńlá wà lórí rẹ̀ lónìí. Omi tí ń bọ̀ wá bo tálákà, ó rí olówó, ó yà!

Nígbà tí a dé Ìbẹ́jú, òkè inú àwòrán kò sí. Iyanrìn pẹrẹsẹ ni, pẹ̀lú igi àgbọn díẹ̀, àti àbàtà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi alágbàtà pé òkè dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá Tíṣà, àwòrán lásán nìyẹn, a ó kó yẹ̀pẹ̀ sí i.” Iyanrìn tí òkun fúnra rẹ̀ kó jọ ni ilẹ̀ etíkun Èkó, kò sí àpáta ńlá níbẹ̀. Òkè etí òkun wà nílẹ̀ òkèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè pàápàá kì í gbani nígbà gbogbo. Ní Happisburgh, ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkun ń jẹ òkè náà nídìí, ilé sì ti ṣubú láti orí rẹ̀. Nílé níhìn-ín, ẹ wo Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú onígbàgbọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń jẹun pọ̀. Òkun ti gbé apá ńlá lọ nínú rẹ̀.

Mo wá béèrè ìwé. Ó mú rìsíìtì ẹbí àti sáfè kan jáde. Ẹ̀yin ònkàwé, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì ẹbí nìkan kò tó. Ó yẹ kí ilẹ̀ náà jẹ́ èyí tí ìjọba ti yọ sílẹ̀ fún ìlú, tí ó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì, tàbí èyí tí ó ti ní C of O. Bí ẹni tó ní C of O bá sì ń tà á, ìyọ̀ǹda gómìnà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Sáfè náà kò tó láti máa wò lásán. A gbọ́dọ̀ mú un lọ sí Àláúsá kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Kàlàbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Àní Landmark Beach tí òkìkí rẹ̀ kàn, wọ́n wó lára rẹ̀ lọ́dún náà.

Alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ó ní, “Màmá, bí ẹ bá ń wádìí báyìí, ẹlòmíràn á rà á lọ́la.” Alága dáhùn pé, “Ọmọ mi, ẹni tó fẹ́ ra tòmátì a máa tú apẹ̀rẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀. Ìwọ fẹ́ kí n ra tìrẹ lójú apẹ̀rẹ̀.”

A gbé sáfè náà fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí èsì fi dé láti Àláúsá: ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Owó ọkọ̀ àti owó wọnlẹ̀wọnlẹ̀ nìkan ni a ná. Síbẹ̀, méjì nínú àwọn ìyá náà ń bínú títí di òní pé a dí wọn lọ́nà ọrọ̀.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó nígbà òjò, ẹ má lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ pé ibo ni omi dé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ibo ló sì dé nísinsìnyí. Ẹ béèrè ẹni tí yóò mọ ògiri, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ẹ mú sáfè lọ sí Àláúsá kí kọ́bọ̀ tó jáde. Òkun kì í ka ìwé kí ó tó wọlé, ìjọba ní tirẹ̀ a máa kà á. Ẹni tó bá fẹ́ sùn létí òkun, kí ó kọ́kọ́ bá àwọn méjèèjì parí ọ̀rọ̀.