Festac: Àlejò, Onílé àti Orúkọ Tí À Ń Jẹ́

Bí ènìyàn bá ti Mile 2 forí lé ọ̀nà Badagry, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Festac Town. Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀ ń jẹ́, àlejò sì ni a torí rẹ̀ kọ́ ìlú náà. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Ibẹ̀ ni a fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà.

Àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà wá kí wa níbẹ̀. Ó gbọ́ tí mo ń ná ọjà lọ́wọ́ ìyá oníṣu, ó sì béèrè bóyá "èdè Nàìjíríà" ni mo ń sọ. Mo ní kò sí èdè tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ará Ìlú Ọba?"

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà là á yé e. Mo ní ilé mẹ́rin ló wà nínú agboolé Ìlú Ọba: England, Scotland, Wales àti Northern Ireland. Ìwé ìrìnnà kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ẹni tó bá pe ará Scotland ní Gẹ̀ẹ́sì yóò rí ìbínú. Àwọn ará Wales ní èdè tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó ojú títì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Yorùbá wá dà bí Scotland nìyẹn?" Mo ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ní ọdún 1707, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin England àti ti Scotland fọwọ́ sí ìdàpọ̀ wọn. Ní ọdún 1914 tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, kò sí ẹni tó bi àwọn baba ńlá wa léèrè.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Amùwó-Ọ̀dọ̀fin kí àjọ̀dún tó dé. Ìtàn àbáláyé wọn sọ pé Olófin tẹ̀ lé àwo kan lójú omi, ibi tí àwo náà sì ti rì, ní Ìṣẹrì, ni wọ́n tẹ̀dó sí. Àwo rì ló di Àwórì.

Àbúrò mi wo pátákó òpópónà, ó ní, "Níbo wá ni wọ́n kọ èdè Àwórì sí?" N kò rí ibì kankan nà sí. Lójú títì Festac lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí àgbà, títí kan àwọn tí Yorùbá bí lọ́mọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé, ènìyàn lè jẹ́ Àwórì, kó jẹ́ Yorùbá, kó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láìsí ìjà. Orúkọ ńlá kì í pa orúkọ kékeré. Àìpè ló ń pa á. Bí ẹ bá dé Festac, ẹ má ṣe dúró sí ojú títì olónọ́ńbà nìkan. Ẹ wọ inú Amùwó, ẹ fi Yorùbá kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ohùn Àwórì dá yín lóhùn.