Oríkì Àwọn Tí Kò Gba Ife

Ọ̀rọ̀ oríkì ni mo tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ìṣeré ni mo ti rí i he. Ẹni tí ó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé, ojú mi kì í kúrò lára bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Èmi fara mọ́ ‘alápẹ̀rẹ̀’, nítorí pé apẹ̀rẹ̀ gidi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè nínú gbọ̀ngàn, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Apẹ̀rẹ̀ náà ní ìdí. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ̀ ọ́, ẹnì kan ní láti gòkè lọ mú un wá.

Láti ọdún 2011, ikọ̀ 68 ní í wọ ìdíje ńlá oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ló ń lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú ikọ̀ 68, 67 ni yóò fi ìbànújẹ́ kádìí ìdíje náà. Olólùfẹ́ eré yìí tí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí ìpàdánù kò lè pẹ́ nídìí rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí ife bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kí ló kù? Ìdáhùn mi ni pé orúkọ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ní nǹkan bí ọdún 1983. Àwọn ọmọ ikọ̀ náà kì í rọra ju bọ́ọ̀lù. Ńṣe ni wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń fi agbára tì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan bá sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ. Ọmọ Èkó kan wà láàárín wọn, Akeem Ọlájuwọ́n, ẹni tí ó ti jẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983, ní ìlú Albuquerque, wọ́n pàdé North Carolina State nínú àṣekágbá. Ọ̀mì 52 sí 52 ni wọ́n wà nígbà tí Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà kò dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles ló gbà á lófuurufú, ó sì tì í wọlé. Eré di 54 sí 52, àkókò sì tán. Ní ọdún 1984, wọ́n tún dé àṣekágbá. Georgetown lù wọ́n 84 sí 75. Phi Slama Jama kò gba ife kankan, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò kúrò lẹ́nu èrò títí di òní.

Ti Michigan náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni ayé sọ ní Fab Five. Wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé tí ó gùn dé orúnkún àti ìbọ̀sẹ̀ dúdú, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń wọ̀ ọ́ bíi tiwọn. Duke lù wọ́n nínú àṣekágbá ọdún 1992, North Carolina lù wọ́n ní 1993. Nígbà tí ó di ọdún 2002, yunifásítì náà ká àsíá ọdún méjèèjì kúrò lókè gbọ̀ngàn, nítorí ọ̀rọ̀ owó tí alátìlẹ́yìn kan fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan. Àsíá ṣeé ká. Ìnagijẹ kò ṣeé ká.

Ṣé ẹ rí i, oríkì ni mo ń wí yẹn. Oríkì orílẹ̀ wa kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìṣẹ́gun nìkan. Ó ń mẹ́nu ba ìjà ìdílé àti àléébù baba ńlá ẹni, síbẹ̀ orí ọmọ a máa wú bí wọ́n bá ń kì í. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé ojú kan rí wa nígbà tí a wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu èrò tí ń fúnni ní orúkọ náà ló ń gé orúkọ. Michael Olowokandi, tí wọ́n bí ní Èkó tí ó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì kan ní California, òun ni ikọ̀ NBA sì kọ́kọ́ mú ní ọdún 1998. Wọ́n gé orúkọ rẹ̀ sí méjì, wọ́n sọ ọ́ di ‘Kandi Man’, bí ẹni ń pe súìtì. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó dùn mí. Ní ti Ayọ̀ Dòsùnmú, ọmọ Chicago tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Illinois láti ọdún 2018 di 2021, wọn kò gé tirẹ̀, ṣùgbọ́n A-Y-O lásán ni ìwé ìròyìn ń kọ. Ṣé ayọ̀ ni, àbí ayò tí a ń ta lábẹ́ igi? Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kan ni ó ya ìdùnnú sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọ́n.

Ọlájuwọ́n náà ní ìnagijẹ. ‘Dream’ ni wọ́n ń pè é láti yunifásítì, nítorí pé eré rẹ̀ dà bí àlá lójú akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Ìnagijẹ náà dùn, ó sì lè fi mọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà H síwájú Akeem, kí orúkọ náà lè bá ti èdè Lárúbáwá mu. Lẹ́tà kan péré ni, ṣùgbọ́n kò fojú kéré rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, bí ẹ bá rí orúkọ Yorùbá lẹ́yìn ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù, ẹ fi ẹnu yín dá àmì rẹ̀ padà. Ẹ wo èyí tí a ti ń pè bọ̀: ọlá ju wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ tí North Carolina State fi àmì méjì ju ikọ̀ rẹ̀ lọ, òun tí ó pàdánù ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ nínú ìdíje náà.