Sí Àjàní, láti Lọ́ńdọ̀nù

Àjàní mi, olówó orí mi,

Òtútù ti dé, wọ́n sì ti dá aago wọn padà sẹ́yìn níhìn-ín, ẹ ti fi wákàtí kan ṣíwájú mi. Nígbà ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Bí mo bá ti wo aago ọwọ́ mi nígbà náà, mo ti mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ní báyìí, ẹ ti máa ń sùn kí n tó kúrò ní láàbù. Ó ń dùn mí gan-an.

Gbogbo ohun tí mo ń kọ́ nípa ọpọlọ, ẹ̀yin ni ó ń wù mí kí n sọ ọ́ fún. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀, hippocampus ni wọ́n ń pè é. Ní 1971, John O'Keefe, ní yunifásítì tí mo wà yìí, University College London, kọ ọ́ jáde pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ nínú ọpọlọ eku tí wọn kì í ta jí àfi bí eku náà bá dé ojú ibì kan pàtó. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á dákẹ́, àwọn mìíràn á gbà á. Òun àti May-Britt àti Edvard Moser ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Tọkọtaya ni àwọn Moser nígbà náà, inú láàbù kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àjàní, mo jowú wọn.

Ìtàn tó wá pa mí lẹ́kún ni ti Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà. Ní 1953, nítorí wárápá, àwọn dókítà gé èyí tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, bí onítọ̀hún bá jáde tó tún wọlé, àlejò ni lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 2008. Èmi, orí mi pé, síbẹ̀ Àjàní àtijọ́ nìkan ló kù sí mi lọ́kàn: ẹ̀rín yín, ìjókòó yín lẹ́nu ọ̀nà wa ní Bódìjà bí iná bá lọ. Ti òní ò dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò ní padà. Òfin sikọ́láṣíìpù Chevening ni pé ká padà sílé fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, màá wá. Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́ bíi tiyín, kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1962. Ọ̀nà tí ó tọ̀ ni mo fẹ́ tọ̀.

Títí dìgbà náà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kó gùn dáadáa. Ẹ sọ ẹni tó kó wá sí ilé ẹ̀gbẹ́ wa, iye tí wọ́n ń ta ata, aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ti gé irun yín, ẹ sọ ìyẹn náà.

Èmi ni tiyín,
Àbẹ̀kẹ́